Ẹ Kó Nọ́ńbà Ńlá Sínú Ọ̀kẹ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ní àsìkò kajú tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin mú ìwé kan wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ìsánlú. Ó ti ta kajú rẹ̀, wọ́n ti sanwó fún un, ó kàn ní kí n bá òun fi ojú kan ìwé náà ni. Kílò 624 ni wọ́n wọ̀n, ₦1,155 ni kílò kan, àpapọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ jẹ́ ₦702,720. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti ń ka iye páànù tí yóò rà. Iná kò sí láti ìjẹta. Fóònù tèmi ti kú, tirẹ̀ náà ti kú. Mo ní, "Jókòó, bu omi mu, kí o fún mi ní bíírò yẹn."

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwé owó kì í sì í kọjá níwájú mi kí n má tú u wò. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, kí ẹ̀yin náà lè máa ṣe é. Bíírò àti ẹ̀yìn páálí ti tó. Kì í ṣe owó kajú nìkan ló wà fún o. Nọ́ńbà ńlá ní ìwà bí ènìyàn ṣe ní ìwà, ẹni tó bá mọ bí a ti ń wádìí rẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n.

Àyẹ̀wò tí gbogbo wa mọ̀

Èyí tí wọ́n kọ́ wa nígbà tiwa ni pé kí a ro ẹyọ nọ́ńbà pọ̀. Nínú 624, 6 àti 2 àti 4 jẹ́ 12. 1 àti 2 jẹ́ 3. Nínú 1,155, 1 àti 1 àti 5 àti 5 jẹ́ 12, òun náà di 3. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ẹyọ inú àpapọ̀ gbọ́dọ̀ yọrí sí 9 pẹ̀lú. Mo wá ro 7, 0, 2, 7, 2 àti 0. Ó jẹ́ 18. 1 àti 8 jẹ́ 9. Ó bọ́ sí i rẹ́gí. Àbúrò mi ti ń gbá ìdí ṣòkòtò rẹ̀ láti dìde.

Mo ní kó padà jókòó. Mo mọ àyẹ̀wò yìí, mo sì mọ àléébù rẹ̀. Bí akọ̀wé bá gbé nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sí ààyè ara wọn, àyẹ̀wò mẹ́sàn-án kò ní rí i láéláé. Ẹ kọ 20 ní 02, ìyàtọ̀ wọn 18. Ẹ kọ 73 ní 37, ìyàtọ̀ wọn 36. Ẹ kọ 91 ní 19, ìyàtọ̀ wọn 72. Ìlọ́po mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀, àròpọ̀ ẹyọ wọn kò sì yí padà, nítorí àwọn ẹyọ kan náà ló kàn pààrọ̀ ìjókòó. Àṣìṣe tí ọwọ́ tó ti rẹ̀ máa ń ṣe jù lọ nìyẹn gan-an. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì wa fi ní ẹyọ ìkẹwàá: ẹyọ yẹn kì í ṣe ti àkáǹtì, inú àwọn yòókù àti kóòdù báǹkì ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀ jáde, olùṣọ́ ni. Olùṣọ́ náà sì máa ń sùn nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo ń sọ.

Bí a ṣe ń kó o

Bàbá wa kò lọ sílé ìwé. Bí ó bá ń ka ebè nínú oko iṣu rẹ̀, igba-igba ni, kò sì sí akọ̀wé tó lè fi ebè kan rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtumọ̀ ọ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ná owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń kún àpò kan, àpò náà ni ọ̀kẹ́: 20,000. Nígbà tí mo di tíṣà ni mo tó rí i pé àwọn tó dá àpò yìí sílẹ̀ ti bá wa ṣe iṣẹ́ ìṣirò kan tán láìjẹ́ pé wọ́n pète rẹ̀.

Bí ẹ óò ṣe ṣe é nìyí. Ẹ gbàgbé kómà. Ẹ ka ẹyọ mẹ́rin láti ẹ̀yìn nọ́ńbà náà, kí ẹ fa igi síbẹ̀. Ẹ pín ohun tó wà níwájú igi sí méjì: iye ọ̀kẹ́ nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn igi ni èlé. Bí iwájú kò bá pín sí méjì déédéé, tó ṣẹ́kù ọ̀kan, ọ̀kan yẹn jẹ́ ẹgbàárùn-ún, 10,000. Ẹ dá a padà sínú èlé.

Ẹ wo 702,720. Níwájú igi, 70. Lẹ́yìn igi, 2720. Ìdajì 70 jẹ́ 35. Ọ̀kẹ́ márùndínlógójì, èlé 2,720. Bó bá jẹ́ 730,500 ni, iwájú jẹ́ 73: ọ̀kẹ́ 36, ọ̀kan ṣẹ́kù, èlé wá di 10,500. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èje ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ní kíláàsì, gbogbo ọmọ ló mọ bí a ṣe ń dá èyí tí méjì lè pín mọ̀, wọ́n mọ ti márùn-ún, wọ́n mọ ti mẹ́ta. Tí a bá ti dé orí èje, gbogbo wọn á máa wo àjà. Ẹ wò ó: ẹ yọ ẹyọ kan kúrò nínú ọ̀kẹ́, ó ku 19,999. Iye yẹn sì jẹ́ 7 lọ́nà 2,857, láìṣẹ́kù. Nítorí náà, bí a bá pín ọ̀kẹ́ kan fún ènìyàn méje, ẹyọ kan péré ló máa ṣẹ́kù. Bí a bá pín ọ̀kẹ́ 35, ẹyọ 35 ló máa ṣẹ́kù. Iye ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni àṣẹ́kù! Ẹ ò ní láti pín nǹkan kan. Ẹ kàn ro iye ọ̀kẹ́ pọ̀ mọ́ èlé, kí ẹ wá bi ìwọ̀nba yẹn léèrè bóyá èje lè pín in.

Mo padà sí ìwé àbúrò mi. 1,155 jẹ́ 7 lọ́nà 165. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi sọ 1,155 di púpọ̀, èje gbọ́dọ̀ lè pín èsì rẹ̀. Mo ro 35 mọ́ 2,720, ó jẹ́ 2,755. Èje lọ́nà 393 jẹ́ 2,751. Ó ṣẹ́kù 4. Mo gbé bíírò sílẹ̀, mo ní, "Ìwé yìí ń parọ́."

Mo ṣírò rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. 600 lọ́nà 1,155 jẹ́ 693,000. 24 lọ́nà 1,155 jẹ́ 27,720. Àpapọ̀ wọn, 720,720. Akọ̀wé ti gbé 2 sí ibi òdo, ó gbé òdo sí ibi 2, ₦18,000 sì ti rá. Mo tún kó èyí tó tọ́ sínú ọ̀kẹ́: 72 níwájú, ọ̀kẹ́ 36, èlé 720. 36 àti 720 jẹ́ 756, èje lọ́nà 108. Ọkàn mi balẹ̀.

Àbúrò mi padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ tó kọ ìwé ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, oorun ló wà lójú mi." Ó san ₦18,000. N kò rò pé olè ni ọmọ náà. Olè kì í yan iye tó rọrùn láti tú bẹ́ẹ̀.

Àwọn yòókù, kí ẹ kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé yín

Ọ̀kẹ́ kan pín fún mẹ́sàn-án, ó ṣẹ́kù 2. Ó pín fún mọ́kànlá, ó ṣẹ́kù 2 bákan náà. Fún 9 àti 11, nígbà náà, ẹ sọ iye ọ̀kẹ́ di ìlọ́po méjì, ẹ ro ó mọ́ èlé. Fún 720,720: ìlọ́po méjì 36 jẹ́ 72, pẹ̀lú 720, ó di 792, ẹgbẹ̀rin ó dín mẹ́jọ. 792 jẹ́ 9 lọ́nà 88, ó sì jẹ́ 11 lọ́nà 72. Àwọn méjèèjì gbà á. Fún ìwé èké yẹn, 70 àti 2,720 jẹ́ 2,790: mẹ́sàn-án gbà á, bí mo ti wí, ṣùgbọ́n mọ́kànlá kọ̀ ọ́, ó ṣẹ́kù 7. Ìyẹn ni pé 11 náà ì bá mú akọ̀wé wa.

Fún 13, ọ̀kẹ́ kan ń ṣẹ́kù 6, ẹ sọ iye ọ̀kẹ́ di ìlọ́po mẹ́fà. 216 àti 720 jẹ́ 936, ìyẹn 13 lọ́nà 72. Fún 17, ó ń ṣẹ́kù 8. 288 àti 720 jẹ́ 1,008. 17 lọ́nà 59 jẹ́ 1,003. Ó ṣẹ́kù 5. 17 kò gbà á.

Fún 2, 4, 8, 16, 32, 5, 25 àti 125, ọ̀kẹ́ kì í ṣẹ́kù nǹkan kan rárá. Ẹ da gbogbo ọ̀kẹ́ nù, ẹ wo èlé nìkan. 720 jẹ́ 16 lọ́nà 45, nítorí náà 16 lè pín 720,720. 32 kò lè pín 720, nítorí náà kò lè pín gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́ ló wà níwájú, ẹ má wo ibẹ̀.

Tí nọ́ńbà bá tilẹ̀ gùn bí ọ̀nà Kàbbà sí Ẹ̀gbẹ̀, ọgbọ́n kan náà ni. 12,345,678: iwájú 1234, ọ̀kẹ́ 617, èlé 5,678. Àròpọ̀ wọn 6,295. Èje lọ́nà 899 jẹ́ 6,293. Ó ṣẹ́kù 2, ẹ sì lè fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ mí wò.

Títú nọ́ńbà dé egungun

Lẹ́yìn tí àbúrò mi lọ, mo jókòó ti 720,720 yẹn nítorí mo ti rí i pé kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Ẹ wo ojú rẹ̀: 720, lẹ́yìn náà 720. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà tó bá tún mẹ́ta àkọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, 1,001 ló ti sọ ọ́ di púpọ̀. 1,001 sì jẹ́ 7 lọ́nà 11 lọ́nà 13. Mo máa ń fi èyí dẹ́rù ba àwọn ọmọ ní kíláàsì: "Mú nọ́ńbà mẹ́ta tó wù ẹ́, kọ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, má jẹ́ kí n rí i. Pín in sí méje, kò ní ṣẹ́kù. Pín èsì rẹ̀ sí mọ́kànlá, kò ní ṣẹ́kù. Pín ìyẹn sí mẹ́tàlá." Ọmọ tó kọ 345,345 á rí 49,335, á rí 4,485, á wá rí 345 tó mú níbẹ̀rẹ̀, á sì pariwo. Ọmọ kan tilẹ̀ lọ sọ nílé pé tíṣà àwọn ní oògùn.

Nítorí náà 720,720 jẹ́ 720 lọ́nà 7 lọ́nà 11 lọ́nà 13. 720 náà jẹ́ 16 lọ́nà 9 lọ́nà 5. Bí a bá tú u dé ibi tí kò ṣeé tú mọ́, a óò bá 2 mẹ́rin, 3 méjì, 5 kan, 7 kan, 11 kan àti 13 kan. Egungun nọ́ńbà náà nìyẹn. Irú egungun bẹ́ẹ̀, tí nǹkan kan kò lè pín àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, ni à ń pè ní prime nílé ìwé.

Ẹni tó bá ti ní egungun lọ́wọ́ lè ka gbogbo nọ́ńbà tó lè pín 720,720 láìṣẹ́kù, láìjẹ́ pé ó kọ wọ́n sílẹ̀. Ṣe ẹ fẹ́ mú 2 kankan? Ẹ lè mú òdo, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ọ̀nà márùn-ún. Ti 3 jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta. 5, 7, 11 àti 13, ọ̀nà méjì-méjì, ẹ mú u tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. 5 lọ́nà 3 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 jẹ́ 240. Bí ó bá ṣe yín bí àlọ́, ẹ kọ́kọ́ fi 12 dán an wò: 2 méjì, 3 kan, 3 lọ́nà 2 jẹ́ 6. Ẹ kà wọ́n: 1, 2, 3, 4, 6, 12.

Nínú àwọn 240 yẹn, gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 16 wà níbẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Kò sì sí nọ́ńbà tó kéré sí 720,720, yàtọ̀ sí òdo, tí gbogbo 1 dé 16 lè pín. Ẹ yọ 2 kan kúrò, 16 á bínú. Ẹ yọ 3 kan, 9 á bínú. Ẹ yọ 5, 7, 11 tàbí 13, wọ́n ti lọ nìyẹn. 14 kò ní ìṣòro, 2 àti 7 ló bí i. 15, 3 àti 5 ló bí i. Mo sọ èyí fún àbúrò mi nígbà tó ń pín owó fún àwọn tí wọ́n jọ ní oko kajú náà. Àwọn méjìlá ni, ₦60,060 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó wá rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó fi ọ̀kadà kó àpò jáde lóko. Mo ní kó má fòyà: ẹni mẹ́tàlá, ₦55,440, kọ́bọ̀ kò ṣẹ́kù. Bí mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, ₦45,045. Àfi tí wọ́n bá di mẹ́tàdínlógún ni ₦5 á ṣẹ́kù, ta ló sì ń wá ₦5 nísinsìnyí?

Ṣé a lè sọ pé nọ́ńbà kan lọ́nà ara rẹ̀ ló bí i? Rárá. Ìwò kan ti tó: òdo kan ṣoṣo ló wà ní ìdí rẹ̀, nọ́ńbà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kì í sì í ní òdo kan ṣoṣo ní ìdí. Egungun rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí 5, 7, 11 àti 13 kò ní ẹnìkejì.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló tún yà mí lẹ́nu. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, 720,721, kò lè bá a ní egungun kankan pọ̀: ohun tó bá pín 720,720 láìṣẹ́kù, tí kì í ṣe 1, yóò ṣẹ́kù 1 lára 720,721. Ẹni tó bá yára lè rò pé prime ni. Ẹ má yára. Láti mọ̀ ọ́n dájú, ẹ óò fi àwọn prime dán an wò láti 17 lọ, kí ẹ sì dúró tí ẹ bá ti kọjá 848, nítorí 849 lọ́nà 849 ti ju nọ́ńbà náà lọ. N kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní 71, ọ̀kẹ́ kan ń ṣẹ́kù 49. 36 lọ́nà 49 jẹ́ 1,764. Ẹ fi èlé 721 kún un, 2,485, èyí tó jẹ́ 71 lọ́nà 35. Mo ti mú un: 71 lọ́nà 10,151. Èyí tó ṣáájú, 720,719, tètè fọ́ ju ìyẹn lọ. Ní 31, ọ̀kẹ́ ń ṣẹ́kù 5: 180 àti 719 jẹ́ 899, ìyẹn 31 lọ́nà 29. Ó túká sí 31 lọ́nà 67 lọ́nà 347. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí oríṣi nọ́ńbà 240 ń pín, ẹni tí oríṣi 4 péré ń pín wà lápá ọ̀tún, ẹni tí oríṣi 8 ń pín wà lápá òsì.

Iṣẹ́ àṣetiléwá kan, nítorí tíṣà kì í fẹ̀yìn tì tán. Ẹ mú 1,081,080. Ó tóbi ju tiwa lọ, oríṣi nọ́ńbà 256 ló ń pín in, ó sì ju 240 lọ. Síbẹ̀, nínú 1 dé 16, ọ̀kan wà tó kọ̀ láti pín in. Ẹ kó o sínú ọ̀kẹ́, ẹ wo èlé. Ẹni tó bá ní 14 ni, kó lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.